A Wá Orúkọ Yìí

Lẹ́yìn kóòtù májísíréètì ní Ìsàbò
yàrá kan wà tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí mọ́.
Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ìlú ń sùn sí,
ìdì lórí ìdì, okùn pupa lára wọn,
ikán ti jẹ etí àwọn kan.

Mo ti san owó ìwákiri, mo gba rìsíìtì.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́ fi ahọ́n kan ìka,
ó ní, "Ta lẹ ń wá, màmá? Ọdún wo?"
Mo ní Bádéjọ Ṣónúgà, ará Ìtòkú,
ọdún tí odò Ògùn wọlé àwọn ará Láfẹ́nwá.
Ìwé àṣẹ ìmúni ni.
"Ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́?"

Mo dákẹ́ díẹ̀.
Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kan ni.
Wọ́n ní ó jí i gbé. Òun ní òun yá a ni.
Ẹni tó ni ín ní òun ti dé àgọ́ ọlọ́pàá Adátán,
pé wọ́n ti ń kọ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.
Lóru ọjọ́ náà àbúrò mi wọ bàtà mi,
nítorí tirẹ̀ ti já,
ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá. Eruku sọ. Mo sín lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹnìkan jí adìẹ lọ́jọ́ Kérésì.
Ẹnìkan bá aládùúgbò jà nítorí ìgbẹ́ ewúrẹ́.
Ẹnìkan, wọn ò kọ ohun tó ṣe,
wọ́n kàn kọ ọ́ pé ó ń sunkún.

Nígbà tó yá mo rí bàbá mi.
Ṣónúgà, Jémíísì, káfíńtà:
gígun kẹ̀kẹ́ lóru láìtan iná.
Náírà méjì, tàbí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́ta.
Bàbá tó na Bádéjọ ní pàṣán mẹ́fà
nítorí bisikíìtì,
tó ní orúkọ àwọn ò wọ kóòtù rí!
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Akọ̀wé gbójú sókè,
"Ẹ ti rí i?"
Rárá o, bàbá rẹ̀ ni mo rí.

Ó tún wá. Ó wá a lábẹ́ Ṣ, ó wá a lábẹ́ B,
ó wá a lábẹ́ S tí kò ní àmì nísàlẹ̀,
ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí
tòun ti ṣòkòtò funfun tó wọ̀.
Ọ̀sán ti pọ́n kó tó fa bébà kan yọ,
ó fẹ́lẹ́ bí ewé tí ọmọ ya nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀.
Olùpẹ̀jọ́ ní òun ti rí ẹ̀rọ òun lọ́dọ̀ atúnṣe.
Ó ní kí wọ́n má bínú. Ó tẹ̀ka.
Bádéjọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tó lọ.

"Màmá, kò sẹ́ni tó buwọ́ lu ìwé ìmúni kankan.
Ẹjọ́ gan-an ò sí."

Ọdún mọ́kàndínlógún ní Àjàṣẹ́,
tó ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwa,
tó ń yà sí kọ̀rọ̀ bó bá rí aṣọ dúdú.
Òun nìkan lọ́kùnrin,
ọkọ mi ló bá a bu yẹ̀pẹ̀ sí pósí ìyá wa.
Fóònù ló fi gbọ́ orin àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.
Wọ́n ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán.
Èèyàn ń sá a.
Mo mọ ẹni tó sá a títí irun rẹ̀ fi funfun.

Akọ̀wé tẹ ìwé fún mi, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn,
ẹ̀ẹ̀mejì ló lù ú, yíńkì ti fẹ́ gbẹ:
A WÁ ORÚKỌ YÌÍ. A KÒ RÍ I.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo pe Àjàṣẹ́.
Ó ń dún. Kì í gbé ìpè ọ̀sán,
ó ní ọ̀sán ni ìjọba máa ń pe èèyàn.
Mo tún un pè.