Pijó Bàbá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni Pijó Bàbá fi jókòó ní Àpáké,
adìẹ ń yé sórí àga awakọ̀.
Ìyá ní kí n tà á fún onípàǹtí irin.

Mo fi abọ́ ẹ̀kọ Ìyá fọ kabúrétọ̀.
Kò tíì mọ̀.
Mo yí síkúrù díẹ̀, ó wúkọ́.
Mo dá a padà tíńtín, ó sín, ó dákẹ́.

Àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ ò tíì ká,
ó gbiná!
Ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe,
èéfín bo aṣọ tí Ìyá sá.

Kò bú mi.
Ó nuwọ́ sí ìró, ó jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́,
ó yí fèrèsé wálẹ̀, ó há sí ìdajì.
"Mo sọ fún bàbá ẹ títí," ló wí.