Ẹ̀nà Kì í Ṣe Àgádágodo

Aago méjì òru, Alágoméjì.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti dákẹ́,
iná kọ̀ǹpútà nìkan ló ń wò mí lójú.
Ìbídàpọ̀ pè mí, kò tilẹ̀ kí mi:
"Pásíwọọ̀dù ilé ìpamọ́ wa, ibo lo kọ ọ́ sí?"

Mo ní inú fáìlì kan ni, lórí ẹ̀rọ mi,
pé ó rí wúruwùru, ojú lásán ò lè kà á.
Ó ní, "Kà á sí mi létí."
Mo kà á, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.
Kò tó ìṣẹ́jú kan
ó pe Tanímọ̀la padà fún mi, ajá ìyá mi,
àti ọdún tí wọ́n bí mi.

Ẹ̀nà ni!
Ẹ̀nà tí à ń sọ lágbàlá ní Ìsàlẹ̀ Èkó
nígbà tí a bá ń gbèrò ẹja dídín inú ìkòkò,
tí ìyá àgbà á sì dá wa lóhùn láti inú yàrá
pẹ̀lú ẹ̀nà tó já gaara ju tiwa lọ.

Bàbá mi ṣọ́ kọntéínà ní Àpápá fún ọdún mọ́kànlélógún.
Irin ni tirẹ̀, ó ní èdìdì, ó ń pa ìpẹtà.
Temi ò wúwo tó ìyẹ́ adìyẹ,
síbẹ̀ iṣẹ́ ènìyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀.
Bàbá mi ò fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ìlẹ̀kùn rí.
Awakọ̀ á dé, bàbá á wo ìwé, á wo ojú,
á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i,
kọ́kọ́rọ́ á padà sí ìbàdí.
Awakọ̀ á gbẹ́rù lọ láìmọ iye eyín tí kọ́kọ́rọ́ ní.

A pa Tanímọ̀la rẹ́ kúrò nínú fáìlì.
A fi olùtọ́jú kan sẹ́nu ọ̀nà:
bí ẹ̀rọ bá béèrè, á fún un ní àṣẹ
tí kì í pé wákàtí kan láyé,
tó lè kó ẹrù jáde, tí kò lè kó òmíràn wọlé.
Ó dáa. Ó yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀:
ní aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú
ẹnìkan ti wọlé, ó ti jáde.
A ò mọ̀ ọ́n.

Ní ìdájí mo pe ìyá mi.
Mo ní, Tanímọ̀la ńkọ́?
Ó ní ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sùn mọ́jú.
N kò sọ fún un
pé orúkọ rẹ̀ ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún àlejò.