Èèpo Ẹ̀gẹ́

Ní Àgọ́-Ìwòyè, Sẹ̀gilọlá wọ abẹ́ páánù tí a ti ń yan gàrí.
Ọmọ Yunifásítì ni. Kò béèrè gàrí,
èèpo ló ń tọrọ.
Èèpo tí ewúrẹ́ ìyá Ọnàfowókàn ń jẹ kù!
A rẹ́rìn-ín. A bù ú fún un, àpò méjì.

Ó gún un, ó kì í sínú dúrọ́ọ̀mù dúdú,
ó da ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn, ó dì í lẹ́nu pa.
Láràárọ̀ ló ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé.
Ọjọ́ keje: òdo.
Ọjọ́ kejìlá: òdo.
Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.
Èmi ni mo ní, “Fi í sílẹ̀.
Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, ṣé òòjọ́ ló kan?
Ẹ̀gẹ́ kì í gbọ́ kíákíá.”

Ọjọ́ kejìdínlógún, ó ṣáná sẹ́nu páìpù.
Iná yọ, aláwọ̀ aró,
kékeré bí ahọ́n ọmọ ológbò.
Ìdajì kẹ́tùlù hó, gáàsì tán.

Sẹ̀gilọlá sunkún pé kò tó.
Èmi tí èéfín ti ń ta lójú láti ọgbọ̀n ọdún,
mo tẹjú mọ́ iná náà títí ó fi kú,
omijé kankan ò bọ́ lójú mi.