Oúnjẹ Ẹni Ìsàlẹ̀

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, mo gbé omi kaná.
Mo gé súkínì sí róbótó mẹ́ta, kò nípọn ju ìka lọ.
Mo jù wọ́n sómi híhó, mo ka ọgọ́ta,
mo fi omi tútù pa iná ara wọn.
“Má jẹ́ kó rọ̀ jù,” Vlastimil a máa wí,
“má sì jẹ́ kó le. Ayùn wẹ́wẹ́ ló wà lẹ́nu wọn,
kì í ṣe àdá.”

Súkínì kì í fẹ́ rì.
Bí o ti ń tì í wọlẹ̀ ló ń ta padà sókè
bí ọmọ tó kọ̀ tí kò fẹ́ sùn.
Nítorí náà ni mo ṣe ń fi fọ́ọ̀kì gún un,
fọ́ọ̀kì tí ó fi jẹun nísàlẹ̀ kòtò èédú
fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
tí eyín rẹ̀ kan tẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ nù.

Mo wá pa iná.
Tíráàmù ìkẹyìn kọjá lójú pópó, omi gbọ̀n díẹ̀.
Wọ́n jáde lábẹ́ igi, wọ́n jáde lẹ́yìn òkúta,
ìbátan àrọ̀, àmọ́ èèpo igi ni wọ́n fi ṣaṣọ,
ẹnu wọn dojú kọlẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó já bọ́.
Wọ́n ní ẹnu ẹja ní í pa ẹja.
Ẹnu tiwọn, gíláàsì ló ń fọ̀.

Aládùúgbò wa ní kí la ń ṣe wàhálà sí,
ohun tó bá já bọ́ lẹ́nu àwọn aláràbarà òkè
yóò tó àwọn tìsàlẹ̀ jẹ.
Vlastimil kò tètè dáhùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.
Ó ní, “Ẹ̀rúnrún kì í ṣe oúnjẹ.
Mo ti gbé ìsàlẹ̀ rí.”

Nígbà náà, aago mẹ́sàn-án yìí kan náà
ni mo máa ń di oúnjẹ fún un:
búrẹ́dì, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, kùkúmbà oníyọ̀.
Kì í jẹ ẹ́ tán. Láàárọ̀ á mú àjẹkù búrẹ́dì bọ̀,
etí rẹ̀ dúdú, òórùn èédú lára rẹ̀,
á ní ehoro ló fi rán òun sí Radovan.
Ọmọ náà á jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ oyin.

Radovan yìí náà ló pè láti Brno:
“Màmá, ẹ tà wọ́n. Ẹsẹ̀ ń dùn yín.”
Zbyněk ará Karviná gbé korobá dé lọ́jọ́ Sátidé.
Ó kó méje.
Ìkẹjọ wọnú páìpù amọ̀, ó na ẹ̀gún, ó há.
Zbyněk fà á títí, ó làágùn,
ó ní ká fọ́ páìpù náà.
Mo ní ẹnì kan kì í fọ́ nǹkan nílé mi.
Mo ka owó ẹyọ kan, mo dá a padà fún un.

Ní báyìí róbótó kan ti tó.
Méjì tó kù, mo fi iyọ̀ àti bọ́tà dín in,
mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, nínú òkùnkùn.

Láàárọ̀ yìí mo ti ọwọ́ bọ omi
láti yọ àjẹkù kí omi má baà kan.
N kò rí nǹkan kan. N kò rí fọ́ọ̀kì.
Mo tan iná, mo tẹ̀ ba, mo yọjú wo inú páìpù:
ó ti wọ́ ọ wọlé, àti èèpo súkínì róbótó
bí ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé,
àti eyín tó tẹ̀.