Irínwó Ó Dín Ogún

Ìwé tó wà lára ògiri nílé ìdúró bàálù wa sọ pé
láti Ausuittuq dé Qausuittuq
irínwó kìlómítà ni, ó dín ogún.
Wákàtí kan àbọ̀ lófuurufú.
Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.
Èmi náà ni mò ń gbá yìnyín kúrò lójú pápá,
tí mò ń ka àgbá epo lẹ́yìn ilé,
tí mò ń wo àpò aláwọ̀ ọsàn lórí òpó
bóyá atẹ́gùn ti kún inú rẹ̀.

Ibi tí yìnyín kì í yọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ tiwa.
Ibi tí ilẹ̀ kì í mọ́ ni tiwọn.
Ẹni tó bá kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún,
kí ló fi ṣe pàṣípààrọ̀?

Àlejò kan dé lóṣù Keje, aago méjì lọ́wọ́ kan,
ó bi Padluq àgbà pé báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó.
Padluq ń fá ọ̀rá kúrò lára awọ ẹran omi. Kò gbójú sókè.
Ó ní, "A ó sùn lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lọ́nà, bí ajá bá yó.
Lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, bí òkun bá lanu."
Àlejò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọjọ́ kẹfà ló tó rí bàálù wọ̀;
kùrukùru jókòó sórí pápá bí àna tí kò fẹ́ lọ.

Àbọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.
Wákàtí kan ni àlọ; ta ló mọ àbọ̀?
Nígbà tí ìjọba fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn òbí wa wá sí etíkun yìí,
wọ́n ní ọdún méjì péré, àwọn á dá wọn padà.
Ìyá mi ní ẹrù kan tí kò tú títí ó fi kú.
Abẹ́ ibùsùn la ti bá a, okùn rẹ̀ ò tíì dẹ̀.

Ulaayuk, ìyàwó àbúrò mi, wọ bàálù lóṣù Kejì,
oyún oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀, torí kò sí ibi ìgbẹ̀bí níbí.
Qausuittuq ni wọ́n gbé e gbà, wọ́n tún gbé e síwájú.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ilé wo ni ká wò níbẹ̀, àjà ilé ìwòsàn?
Orí tẹlifóònù la ti sọ ọmọ náà ní Imusi,
orúkọ bàbá bàbá rẹ̀,
ariwo ìlà ń jẹ ìdajì rẹ̀, à ń tún un pè.
Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ò jẹ́ kí wọ́n tètè bọ̀.
Nígbà tí wọn yóò fi délé, ó ti ń dá jókòó.
Ó wo bàbá rẹ̀ fín-ín-fín, ó bú sẹ́kún.

Ogún tó dín nínú irínwó yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a.
Padluq ní kò sọnù rárá,
pé ó wà láàárín ìgbà tí a bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì
àti ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí,
tí a ò tíì mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.
Bóyá. Ní tèmi,
abẹ́ ibùsùn ni mo rò pé ogún náà wà,
nínú ẹrù dídì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.
Èmi náà ò tíì tú u.

Rédíò ń pè. Wọ́n ti gbéra lọ́hùn-ún.
Mo wo aago,
mo tún jáde lọ wo àpò orí òpó.