Ìṣẹ́jú Méjì ní Kutaisi

Ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú báńdéèjì,
nítorí náà èmi ni Eteri fún ní ìwé àti bírò.
"Ohun tí aago bá sọ ni kó o kọ. Má bù mọ́ ọn."

Ọgbọ̀n mítà, láti igi góòlù dé ìdí kóònù pupa.
Lẹ́yìn odi, odò Rioni ń sáré tirẹ̀,
kò tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ká kàn mí kanlẹ̀ ni, ká tún gbéra.
Vakho bẹ̀rẹ̀ bí ọfà: mẹ́rin àbọ̀.
Nígbà tó di ìkẹfà, ó ti lé ní márùn-ún,
orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata,
síbẹ̀ ó ní, "Kò rẹ̀ mí."
Mo kọ márùn-ún sílẹ̀.
Bírò kì í tijú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́rú, Eteri ní ìṣẹ́jú méjì gbáko.
Vakho bínú. Ọ̀lẹ ló ń dúró, ó ní.
Ó ń yípo bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀,
ó ń tu itọ́.
Eteri ń bó ọsàn, kò gbójú sókè
títí èèpo fi tán.
"Ó yá."

Vakho fẹ̀yìn rìn bí àgbò, ẹsẹ̀ mẹ́ta.
Ìkẹfà: mẹ́rin àbọ̀.

Ó ní irọ́ ni mo kọ.
Mo na aago sí i.
Ó jókòó tì mí lórí koríko tútù,
Eteri fún un ní ìdajì ọsàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà bù fún ẹsẹ̀ tèmi.
Mo ṣí ojú ìwé tuntun,
mo kọ ọjọ́ òní sí i.