Ẹ̀rọ Kẹtàdínlógójì

Èmi ni mo ń kọ owó oṣù wọn nígbà náà
ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀:
ẹgbẹ̀rin orúkọ, yíǹkì dúdú,
pupa fún ẹni tó bá pẹ́ dé.
Ìwé kan náà ni mo ṣì ń lò.
Mo kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ ni, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ òkun ló já ìyà wa sílẹ̀ ní Àpápá.
Wọ́n ti ya ẹyẹ wa, ẹyẹ ọlọ́rùn-pupa
tí Jọláadé yà lọ́dún tó bí ìbejì,
sára aṣọ tí owó rẹ̀ kò tó owó òwú tiwa,
wọ́n sì tẹ orúkọ wa sí etí rẹ̀.
Àní orúkọ wa.
Ta ló ń bá òjìji ara rẹ̀ dúnàádúrà?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì pa,
wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ lé ìwọ̀n bí ẹni ń wọn ẹja dídì.
Sùbérù nìkan ló tẹ̀lé tírélà dé Òwódé Onírin,
ó ń bẹ̀ wọ́n nítorí ẹyọ kan,
ẹ̀rọ kẹtàdínlógójì,
tó fi ọdún mọ́kànlélógún tọ́jú,
tó sì fi etí méjèèjì sanwó rẹ̀.
Kò sí ahunṣọ wa tó mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ í sọ.
Bí Sùbérù bá kí ọ káàárọ̀,
àdúgbò á rò pé ìjà dé.

Àwa ọgbọ̀n la jọ ń dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀
nínú kíláàsì kan tí wọ́n ń yá wa ní Ìlasamàjà,
orúnkún wa ń lu tábìlì àwọn ọmọdé.
Láyípo ló kọ́kọ́ gbowó. Ó fi sin adìyẹ.
Àgbàrá oṣù Òkúdù kó wọn lọ tàgòtàgò.
Mo fa ìlà sídìí orúkọ rẹ̀, mi ò pa á rẹ́.
Ó ṣì ń wá, ó ń jókòó lẹ́yìn,
ó ń san igba náírà.
Móṣúnmọ́lá ń rán àpò ìwé fún iléèwé mẹ́ta.
Nígbà tó kan Sùbérù, ẹnìkan rẹ́rìn-ín:
"Aṣọ wo lo tún fẹ́ hun? Tòkèèrè ò ha kún Yàbá?"
Sùbérù ò gbọ́. Tàbí ó gbọ́.
Ó kígbe: "Okùn àpò!
Móṣúnmọ́lá ń ra okùn tó ti òkèèrè wá!
Mo ti dín àyà ẹ̀rọ náà kù!"

A yá a. Ọwọ́ mi gbọ̀n lórí òǹkà náà.

Lánàá mo lọ wò ó.
Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́,
ẹ̀rọ ń lu pá-ká, pá-ká.
Ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi òwú dí etí,
Sùbérù ló ní dandan ni.
Ó wo aṣọ ọrùn mi, ó fi àtàǹpàkò kàn án.
Ẹyẹ ọlọ́rùn-pupa. Òṣòdì ni mo ti rà á, ó pọ́ọ́kú.
Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
Kò bú mi. Ó ké bí ẹni tó wà lódìkejì ọ̀sà:
"Ìyá Akọ̀wé! Ẹyẹ yìí ò ní ìka ẹsẹ̀!
Wọn ò wo tiwa dáadáa!"

Ó gé okùn ọ̀pá kan fún mi.
Etí rẹ̀ wọ́ díẹ̀.
Mo fi di ìwé gbèsè náà.